Nàìjíríà, Gánà, àti Ọ̀rọ̀ Aboyún

   

Kábíyèsí àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá Houston, ẹ ní kí n fi ìgbé ayé Nàìjíríà wé ti Gánà: iná, owó, ìlera. Ó dáa. Gánà ti ní ìsédò amúnáwá Akosombo láti 1965, iná wọn sì sàn ju tiwa lọ, àmọ́ àwọn náà mọ dumsor, kó tàn, kó tún kú. Ní oṣù Kejìlá 2022, ọ̀wọ́n gógó ọjà wọn ga dé ìdá 54 nínú 100, ìjọba wọn sì kéde pé òun kò ní lè san ọ̀pọ̀ gbèsè òkèèrè mọ́. Àwọn tó ń wa wúrà lọ́nà àìtọ́ ti sọ odò wọn di ẹrẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ lọ ṣe fàájì Kérésì ní Accra, tí ẹ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí ẹ dé tí ẹ ní ọ̀run ni, ẹ rọra.

Mi ò wá gbèjà Gánà. Kumasi ni wọ́n bí mi sí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi, aṣọ ni wọ́n ń tà. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kó fi jáde. Orí lọ́rì ni èmi àti ìyá mi ti sunkún wọ Nàìjíríà. Ní 1983, àwa náà lé wọn, orúkọ Ghana Must Go sì mọ́ àpò lórí títí dòní. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí ìyókù dúró ná. Agbẹ̀bí ni mí, mo sì ti gbẹ̀bí ní ilẹ̀ méjèèjì. Ọ̀rọ̀ aboyún ni mo fẹ́ sọ.

Gánà ṣòfin adójútòfò ìlera ní 2003. Ìdá 2.5 tí wọ́n ń bù lórí ọjà wà lára owó tó ń gbé e ró. Ní 2008, wọ́n ní kí aboyún má sanwó ìgbẹ̀bí mọ́. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Ọdún 2022 ni òfin tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ènìyàn tó dé. Àjọ ìlera àgbáyé ṣírò ti 2020: nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, ìyá 263 ló kú ní Gánà. Ní Nàìjíríà, 1,047.

Ní Kumasi, ìyàwó oníṣòwò kan, ọmọ Ọ̀fà, wọlé lóru. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru, gìrì ti mú un. Káàdì adójútòfò rẹ̀ wà lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọmọ sì ti ké. Lóòótọ́, ìjọba wọn máa ń jẹ ilé ìwòsàn lówó, wọ́n sì máa ń ní kí aláìsàn lọ ra oògùn níta. Àmọ́ ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un.

Ní ilẹ̀ wa, lóru ọjọ́ kan tó jọ ọ́, aboyún kan wọlé; ẹ̀jẹ̀ wà nínú fíríìjì, dókítà wà ní ìdúró. Owó àsansílẹ̀ ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Kí ọkọ tó pe gbogbo ẹni tó lè pè tán, obìnrin náà ti kú. Lọ́jọ́ kejì, owó dé láti òkè òkun. Owó kí ni? Owó pósí!

Mo ń gbọ́ ìkùnsínú lápá òsì, mo sì mọ ohùn yẹn. Nígbà tí mo ní kí ẹgbẹ́ yìí máa san adójútòfò fún aboyún nílé, àwọn kan ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn, pé kíkọ́ géètì ààfin ló kàn. Kábíyèsí, ẹ má bínú, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Géètì ti dúró, orúkọ ẹgbẹ́ sì wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Aboyún mélòó ló ti gbẹ̀bí fún?

Ẹ máa ń bú ìjọba, ó sì tọ́ sí i. Abuja ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé ìdá 15 nínú ìnáwó ìjọba yóò máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò dé ibẹ̀ rí. Ẹ̀yin ńkọ́? Ní ti adójútòfò ìlera, Èkó ní Ìlera Èkó, Ọ̀yọ́ ní OYSHIA. Ta nínú yín ló mọ̀ bóyá ìyàwó àbúrò rẹ̀ ní káàdì? Aṣọ ẹbí tí ẹ wọ̀ jókòó yìí, ẹ mọ iye tí ẹ rà á.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ẹ máa gbàdúrà. Ẹni tó bá wúre pé ká gbóhùn ìyá, ká gbóhùn ọmọ, kó fi owó káàdì tẹ̀lé e. Ní ìpàdé ọ̀la, kí ẹ tó dá aṣọ ọdún tó ń bọ̀, ẹ fẹnu kò lórí iye aboyún tí ẹgbẹ́ máa sanwó fún ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tún sún un síwájú, ẹ wá ẹlòmíràn tó máa sọ ọ̀rọ̀ àkànṣe fún yín.