Àjọ àti Mímọ Ara Ẹni ní Aswani

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rò lónìí. Mo ní ẹni tó bá mọ ibi tí agbára òun pin sí, inú ètò tó ṣe nípa rẹ̀ la ó ti rí i. Ẹni tó bá kàn ń fi ẹnu sọ ọ́ kò tíì mọ̀ ọ́n. Àwa ọ̀mọ̀wé ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mímọ ara ẹni di ọ̀rọ̀ inú ìwé, ọ̀rọ̀ ẹni tó jókòó tẹnu mọ́ àṣàrò. Ọjà Aswani yìí, láàárín Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, ni mo fẹ́ ká ti wò ó. Orúkọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan lágbègbè yìí ni ọjà náà ń jẹ́, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sì máa ń kún jù. Ẹni tó bá ra odidi bẹ́ẹ̀lì aṣọ òkirika níbẹ̀ kò lè rí inú rẹ̀ kó tó tú u. Nítorí náà, ohun méjì ló ní láti mọ̀ kó tó sanwó: bí ojú òun ṣe mú tó nípa aṣọ, àti iye òfò tí owó òun lè gbà mọ́ra.

Ẹ wá wo àjọ. Ká ní obìnrin kan ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún alájọ, tí ìyẹn sì ń fàmì sí káàdì rẹ̀. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, ₦29,000 ni yóò gbà, torí pé owó ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Ẹni tó bá fi ìṣirò nìkan wò ó yóò ní obìnrin yìí ń pàdánù. Kóló tó wà nílé kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, báǹkì tilẹ̀ lè fún un ní èlé díẹ̀. Kí ló dé tó fi ń sanwó kí ẹlòmíràn lè bá a tọ́jú owó ara rẹ̀? Ó mọ ara rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé owó tó bá sùn sọ́wọ́ òun yóò di owó aṣọ ẹbí, tàbí owó tí àbúrò ọkọ wá tọrọ, tàbí ti ọjà tí ojú rí tí ọkàn sì fẹ́. Kò bá ara rẹ̀ jà, kò sì búra pé òun yóò yí padà lóṣù tó ń bọ̀. Ó gbé owó náà kúrò níbi tí ọwọ́ òun lè tó o. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa: William Bascom, onímọ̀ àṣà láti Amẹ́ríkà, kọ̀wé lórí èsúsú, tó jẹ́ ìbátan àjọ, láàárín àwa Yorùbá ní 1952, ìgbà tó sì kọ ọ́, ètò náà ti sọdá òkun tipẹ́tipẹ́. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń dá a ní Trinidad, tí wọ́n ń pè é ní susu.

Ẹnìkan lè sọ pé kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọjà, pé ẹni tó bá fara balẹ̀ yẹ ọkàn ara rẹ̀ wò yóò rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè é. Ní 1999, Justin Kruger àti David Dunning ti Yunifásítì Cornell dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú gírámà, ìrònú tó tọ́ àti mímọ ọ̀rọ̀ tó pani lẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí oníkálukú sọ ibi tí òun rò pé òun wà láàárín ẹgbẹ́. Ká ní a to ọgọ́rùn-ún ènìyàn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: àwọn tí èsì wọn kéré jù wà ní nǹkan bí ipò kejìlá, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn rò pé àwọn wà ní nǹkan bí ipò kejìlélọ́gọ́ta. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ti bá wọn jiyàn lórí bí ìyàtọ̀ náà ṣe tóbi tó, àríyànjiyàn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Síbẹ̀ àlàyé Kruger àti Dunning bá ohun tí ọjà ń fi hàn mu. Ojú tí a fi ń mọ aṣọ tó dára náà la fi ń mọ̀ pé a kò mọ aṣọ rà. Ẹni tí kò bá ní i kò ní ohun tí yóò fi rí àìní rẹ̀. Ní 2010, ìwádìí Simine Vazire fi kún un pé ènìyàn mọ ohun inú ara rẹ̀, bí àyà rẹ̀ ṣe ń já tàbí bí ìrònú ṣe ń dà á láàmú, ju ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó lè fi yangàn tàbí tí ó lè tì í lójú, bí òye, àwọn tó yí i ká sábà máa ń rí i ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, àṣàrò nìkan kò tó. A nílò ojú ẹlòmíràn, a sì nílò àkọsílẹ̀. Káàdì àjọ jẹ́ méjèèjì: ọwọ́ ẹlòmíràn ló kọ ọ́, ọjọ́ tí a kò dá nǹkan kan sì hàn gbangba lára rẹ̀.

Àtakò tó le jù lọ nìyí: wọ́n ní òṣì ni mò ń pè ní ìmọ̀. Wọ́n ní ká ní báǹkì sún mọ́ àwọn obìnrin yìí, ká ní owó tó ń wọlé fún wọn tó nǹkan, wọn kò ní wá alájọ. Òdodo wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ mi bo ìyà tó ń jẹ ará ọjà mọ́lẹ̀. Nínú ìwádìí tí Siwan Anderson àti Jean-Marie Baland gbé jáde ní 2002 lórí àdúgbò Kibera ní Nairobi, ọ̀pọ̀ obìnrin ń dá èsúsú kí ọkọ má baà rí owó ná. Àìlera tí à ń sọ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ti inú ẹni. Ó lè jẹ́ pé ènìyàn kò lè sọ pé rárá fún ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tọrọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ Èkó tó ní àkáǹtì báǹkì, tí fóònù sì wà lọ́wọ́ wọn. Ní ìparí 2015, obìnrin kan fi àwòrán kóló rẹ̀ hàn lórí Twitter: ₦1,000 ló ń fi sínú rẹ̀ lójúmọ́ fún odidi ọdún kan. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kan rí yìí ló bí ìkànnì ìfowópamọ́ Piggybank ní 2016, èyí tí a mọ̀ sí PiggyVest lónìí. Àwọn tó ń lò ó lè ti owó ara wọn pa títí di ọjọ́ tí wọ́n bá dá. Báǹkì kò jìnnà sí wọn. Ohun tí ìyá wọn mọ̀ lọ́jà ni àwọn náà mọ̀ nípa ara wọn.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá ń ka ibi tí agbára rẹ̀ pin sí kò ní dáwọ́ lé ohun ńlá láéláé. Nava Ashraf, Dean Karlan àti Wesley Yin ṣe ìdánwò kan tó kan ọ̀rọ̀ yìí ní erékùṣù Mindanao, ní Philippines, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n fi àkáǹtì kan lọ àwọn oníbàárà báǹkì, èyí tí a kò lè fọwọ́ kàn títí di ọjọ́ tàbí iye tí oníbàárà fúnra rẹ̀ dá. Ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà á. Lẹ́yìn ọdún kan, bí owó ìpamọ́ àwọn tí wọ́n fi lọ̀ ṣe pọ̀ sí i fi ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò fi lọ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni èyí: láàárín àwọn obìnrin, àwọn tí ìdáhùn wọn fi hàn pé owó òní máa ń fà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ gan-an ló gba àkáǹtì náà jù. Wọ́n mọ ara wọn. Èkó náà ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ nínú Alphaeus Taiwo Olunaike, tí gbogbo wa mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Inú àdúgbò tóóró ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ó sì yan ohun tó bá iṣẹ́ náà mu. Ẹni tí a ń fi orí pípé rẹ̀ kí àwọn ọmọ wa kò kéré.

Ó ku ẹ̀rù kan tí n kò ní fojú fò: alájọ lè kó owó sá lọ. Ó ti ṣẹlẹ̀, ó sì ti ba òwò ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Nítorí náà, ẹni tó gbé àìlera rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ onítọ̀hún pẹ̀lú. Mímọ̀ yẹn kò sì parí sórí pé kì í ṣe olè. Ẹ jẹ́ ká ní oníbàárà kan dé láàárín oṣù, tó ní kí alájọ fún òun ní owó òun. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù pé kó má fún òun ni, òun náà ló tún wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun. Èwo ni kó gbọ́ nínú méjèèjì? Alájọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ wà nílé ìwòsàn, yóò kà á fún un lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, yóò ní kó dúró dìgbà tí oṣù bá parí, yóò sì fara mọ́ èébú tí wọ́n bá bú u, torí pé ohun tí wọ́n ń san owó ọjọ́ kan fún gan-an nìyẹn.