Ta Ló Ń Mú Aláìsàn Dé Inú Ìdánwò Oògùn?



Victoria Gray, ará ìlú Forest ní ìpínlẹ̀ Mississippi, ti ń bá àìsàn fòní-kú-fọ̀la-dìde yí láti kékeré. Nígbà tó lọ sí ilé ìwòsàn ní Nashville, kì í ṣe ìdánwò oògùn ló bá lọ. Ó fẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni Dókítà Haydar Frangoul ti sọ fún un pé ìdánwò tuntun kan wà: wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì lára aláìsàn fúnra rẹ̀, wọ́n á fi ọgbọ́n CRISPR tí wọ́n fi ń gé àbùdá tún un ṣe, wọ́n á sì dá a padà sí i lára. Gray ní òun gbà. Ní oṣù Keje ọdún 2019, ó di ẹni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún àìsàn náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún títà. Casgevy lorúkọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní orí ló bá a ṣe é. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, iwájú dókítà tó mọ ibi tí ìdánwò wà ni orí náà gbé e lọ.

Ní Kano àti Kaduna, ìdánwò ló wá àwọn aláìsàn lọ. Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń gbé lé ẹ̀bátí ọmọdé láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Bó bá ti tó 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu rọpárọsẹ̀ ti dé tòsí ọmọ tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Láti ọdún 1998 ni ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ti fi hàn pé gbígba ẹ̀jẹ̀ léraléra ń dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdílé mélòó ní Nàìjíríà ló lè máa rí ẹ̀jẹ̀ tó mọ́ rà lóṣooṣù? Ohun tó fà á nìyí tí àwọn dókítà ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti yunifásítì Vanderbilt fi gbé ìdánwò SPRING kalẹ̀.

Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ àwọn ọmọ wò. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sáré jù, tí kò tíì ní rọpárọsẹ̀ rí, tó sì wà láàárín ọdún 5 sí 12, wọ́n bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọmọ 220 ló kópa. Kèké ló pín wọn sí ọ̀nà méjì: dípò ẹ̀jẹ̀, àwọn kan ń lo oògùn hydroxyurea mílígíráàmù 10 lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ wọ̀n, àwọn yòókù ń lo 20. Òbí kò mọ èyí tó kan ọmọ òun, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà kò mọ̀.

Ilé ìwòsàn ni òbí ti pàdé ìdánwò yìí. Ọmọ tó jẹ́ pé ìgbà tí ìrora bá dé nìkan ni wọ́n ń gbé e wá, tí káàdì rẹ̀ ti sọnù, tí nọ́ńbà fóònù òbí rẹ̀ ti yí padà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rí i pè?

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìdánwò fúnra rẹ̀ náà ní ibi tó lè yà sí. Láti ọdún 2000 ni ClinicalTrials.gov ti Amẹ́ríkà ti ṣí sílẹ̀. Pan African Clinical Trials Registry sì wà fún ilẹ̀ wa. Èèyàn á tẹ orúkọ àìsàn àti orílẹ̀-èdè, á rí ibi tí wọ́n ti ń gba èèyàn àti irú ẹni tí wọ́n ń gbà. Pé ìdánwò wà nínú àkọsílẹ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé ìjọba ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ o. Kí aláìsàn gbé ohun tó bá rí lọ bá dókítà rẹ̀, nítorí oyún, àìsàn kíndìnrín tàbí oògùn mìíràn lè dínà mọ́ ọn.

Ẹ̀rù tó ń ba àwọn òbí kì í ṣe lásán. Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn ń pa ọmọ ní Kano, ilé iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára ọmọ 100, wọ́n sì fún 100 mìíràn ní oògùn tí wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀. Ọmọ 5 kú nínú ti àkọ́kọ́, 6 nínú ìkejì. Àwọn òbí pẹjọ́ pé ẹnikẹ́ni kò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Ilé iṣẹ́ náà ní òun kò ṣẹ̀. Ní ọdún 2009, ó bá ìpínlẹ̀ Kano parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú mílíọ̀nù 75 dọ́là.

Lónìí, òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní dandan ni kí aláìsàn mọ ète ìwádìí, àti ire tàbí ibi tó lè tìdí rẹ̀ yọ, kó tó fọwọ́ síwèé. Kó béèrè ẹni tó ń sanwó àyẹ̀wò àti ọkọ̀, àti ẹni tí yóò tọ́jú òun bí oògùn bá ṣe òun léṣe. Kó béèrè bóyá NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, àti ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí i. Ó lè jáde nígbàkígbà, láìpàdánù ìtọ́jú tó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: bí ìdánwò bá parí, níbo ni wọn yóò ti máa rí oògùn náà? Nígbà tí èsì SPRING jáde ní ọdún 2022, iye ọmọ tó ní rọpárọsẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì. Oògùn rẹ̀ kò sì jìnnà: hydroxyurea ọ̀hún ni ilé iṣẹ́ Bond Chemical ń ṣe ní Awẹ́, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìtọ́jú tí Gray gbà ní tirẹ̀, mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n dá lé e lórí fún ẹnì kan ní Amẹ́ríkà. Kí aláìsàn gbọ́ ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kó tó mú bírò.