Orúkọ Ara Ìgò: Ìlò Èdè Nínú Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Fífa Ẹ̀jẹ̀

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn láti fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn. Ibi tí èdè ti wọ inú iṣẹ́ náà ni ọ̀rọ̀ mi dé, n kò sì ní kọjá ibẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ yìí dá dúró. Ẹni tí kì í ṣe dókítà tàbí nọ́ọ̀sì lè kọ́ ọ, kí ó gba ìwé-ẹ̀rí, kí ó sì máa fi í jẹun. California wà lára ìwọ̀nba ìpínlẹ̀ tí ó fi òfin béèrè ìwé-àṣẹ. Ní 1999, àṣírí tú ní ìlú Palo Alto níbẹ̀ pé ẹnì kan tí ń fa ẹ̀jẹ̀ ti ń tún abẹ́rẹ́ tí ó ti lò lò fún aláìsàn mìíràn. Ìjayà náà ni ó bí òfin, ìlànà ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ẹni tí kò ṣe é rí yóò fi 40 wákàtí gbọ́ ẹ̀kọ́, yóò fi 40 mìíràn ṣiṣẹ́ láàrin àwọn aláìsàn, yóò fa ẹ̀jẹ̀ inú iṣan nígbà 50, yóò sì gún awọ ara nígbà 10, ó kéré tán. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣe ìdánwò.

Àwọn olóólà wa àtijọ́ kì í ka iye bẹ́ẹ̀ fún ọmọ-iṣẹ́. Ojú ọ̀gá ni òṣùwọ̀n. N kò sọ pé tiwọn dára jù. Ṣùgbọ́n àti lọ́dọ̀ olóólà, àti ní California, ọwọ́ ni a ń dán wò jù. A ó kọ́ ọmọ-iṣẹ́ pé kí rọ́bà tí ó fi di apá má pẹ́ ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ̀jẹ̀ má baà yí padà. A ó kọ́ ọ ní ìgò tí yóò ṣáájú èyí tí yóò tẹ̀lé e, nítorí oògùn inú ìgò kan lè kó wọ inú èkejì kí ó sì ba èsì àyẹ̀wò jẹ́.

Òfin kan wà tí ó jẹ́ ti ẹnu, òun ni mo bá wá. A kì í bi aláìsàn pé, ‘Ṣé ẹ̀yin ni Màmá Adéyẹmí?’ nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tàbí tí kò gbọ́ràn dáadáa, yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni a ó ti kọ ọ́ sí ara ìgò. Bí orúkọ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O bá bọ́ sára ìgò ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ A, tí a sì fún un ní ẹ̀jẹ̀ A, ó lè kú.

Nílẹ̀ Yorùbá ńkọ́? Ní Nàìjíríà, fífa ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ àwọn oníṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò, tí òfin 2003 dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún, àti ti nọ́ọ̀sì àti dókítà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ wọn. Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá wá dúró níwájú àgbàlagbà obìnrin, ẹ̀kọ́ ilé yóò dí i lẹ́nu: ta ni yóò bi ìyá àgbà ní orúkọ rẹ̀ gbàgà? Ọ̀wọ̀ yóò darí rẹ̀ sí ‘Ṣé ẹ̀yin ni . . . ?’, ìbéèrè gan-an tí òfin kọ̀. Ìyá yóò sì ní ‘Hẹn.’ Gbogbo wa mọ̀ pé ‘hẹn’ kì í ṣe ìjẹ́wọ́ nígbà gbogbo. Nígbà mìíràn, ‘mo ń gbọ́ ọ’ ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ tún wo orúkọ fúnra rẹ̀. Obìnrin tí a ti ń pè ní Ìyá Kẹ́hìndé láti ọgbọ̀n ọdún lè ní orúkọ àbísọ, oríkì, àti orúkọ ìsìn. Ọ̀kan péré nínú wọn lè wà nínú káàdì. Ọjọ́ ìbí tí ó wà níbẹ̀ sì lè jẹ́ èyí tí ọmọ rẹ̀ fojú bù.

Bẹ́ẹ̀ èdè wa kò ṣaláìní ọ̀nà. ‘Ẹ má bínú mà, iṣẹ́ ni ó ní kí n béèrè: orúkọ wo ni kí n kọ sí ara ìgò yìí?’ Ìgò ni ó gba ìbéèrè náà, kì í ṣe ojú àgbà. Ẹ fi ‘fa’ wé ‘gbà’ pẹ̀lú. Ẹni tí a sọ fún pé ó fẹ́ ‘gba ẹ̀jẹ̀’ lè rò pé a fẹ́ fún òun ní ẹ̀jẹ̀ ni. ‘A fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ fún àyẹ̀wò’ kò ní irú ìrújú bẹ́ẹ̀. Irú gbólóhùn wọ̀nyí kò gba ju ọ̀sán kan lọ láti kọ́ni.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí olùdánwò tí ń ka iye ìgbà tí ọmọ-iṣẹ́ gún iṣan dúró tì í pẹ̀lú nígbà tí ó bá ń bi àgbàlagbà mẹ́wàá ní orúkọ, ní Yorùbá, kí ó sì fún un ní máàkì fún un.