Eyín Ọmọ Tí Kò Ríran: Ọ̀rọ̀ Tí Nọ́ọ̀sì Kan Sọ Níbi Ìpàdé Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Ìwòpin

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí eyín, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó pé pákò ni mo fẹ́ wá bú. Rárá o, pákò dára. Àwọn ọmọ wa tí kò ríran ni mo bá wá.

Ọmọkùnrin kan wà nílé wa tí kò ríran láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Gbogbo ilé ló ń ṣàánú rẹ̀. Bó bá sunkún, bísíkíìtì. Bó bá dákẹ́, súwíìtì. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 8, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ kan jẹun, a ní ó ń ṣàkọ́ ni. Ọjọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú ni mo tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn méjì ti dihò, wọ́n dúdú. Èmi nọ́ọ̀sì nìyẹn o! Ojú tì mí. Ọmọ tó ríran á rí àmì dúdú nínú dígí, á fi han ìyá rẹ̀. Ta ni tiwa fẹ́ fi hàn? Ẹ máa gbé ètè wọn sókè wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Ẹ má sì máa fọ ẹnu fún wọn títí ayé. Ní ọdún 2012, àwọn oníṣègùn eyín méjì ní Íńdíà, Hebbal àti Ankola, gbé ọ̀nà kan jáde láti fi ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìfọwọ́kàn kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fọ eyín. Àwa náà lè ṣe é. Kó kọ́kọ́ fi ìka ka eyín rẹ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́ búrọ́ọ̀ṣì, kí ẹ jọ máa fọ̀ ọ́, títí yóò fi lè dá a ṣe. Kó fún ọṣẹ ìfọyín sórí ìka, nítorí ìka mọ ìwọ̀n. Bíi hóró ẹ̀wà kékeré kan ti tó ọmọ ọdún 3 sí 6. Bó bá fọ̀ ọ́ tán, kó fi ahọ́n yí eyín ká. Ibi tí kò bá dán, ìdọ̀tí ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli ní Sùúrùlérè ti ń fi ìka kàwé láti ọdún 1962, ṣé eyín ni wọn ò wá ní lè fọ̀?

Ọ̀rọ̀ ìṣubú ńkọ́? Ọmọ tí kò ríran máa ń kọlu nǹkan, eyín iwájú lókè ló sì máa ń fara gbá a. Bí eyín wàrà bá yọ, ẹ jù ú sórí òrùlé bí a ti ń ṣe, kò séwu. Dókítà kì í dá a padà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ eyín àgbà, ẹ má jù ú o! Ibi tó funfun ni kí ẹ dì mú, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́. Ẹ fi sínú wàrà olómi, kí ẹ gbéra. Láàárín wákàtí kan ni ìrètí ti pọ̀ jù. Mo mọ̀ pé láti Ìwòpin, wákàtí kan kì í fìgbà gbogbo tó. Ẹ lọ bẹ́ẹ̀ náà.

Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀rọ̀ kó tó fọwọ́ kan ọmọ. Ọmọ tiwa yẹn, ariwo ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ gbọ́, ló bá bu dókítà jẹ. Mi ò bá a wí. Nígbà tí a lọ lẹ́ẹ̀kejì, obìnrin kan ló gbà á. Ó jẹ́ kó di dígí kékeré náà mú, ó sì ń sọ fún un pé, “Bàbá mi, omi tútù ń bọ̀ o.” Ọmọ yanu gbàgà.

Mo ti bá alága sọ̀rọ̀. Ẹ fún akọ̀wé ní orúkọ àwọn ọmọ tí kò ríran ní àdúgbò yín, ká lè wá ọkọ̀ kan tó máa kó wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Èmi náà á bá wọn lọ. Ẹni tó ti fi ọmọ pamọ́ sí yàrá, ẹ mú un jáde, kò sẹ́ni tó máa bi yín ní ìdí rẹ̀.