Kí Koríko Tó Yọjú

Olóòtú ètò yìí bi mí léèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ koríko iwájú ilé. Èdè wa gan-an ni ó fà á. A ní ṣíṣán, a ní ríro, a ní títu; ṣùgbọ́n koríko ní láti kọ́kọ́ hù ná kí a tó lè ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí a lè ṣe ṣáájú, ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò oṣù kẹta tó dé, ni mo fẹ́ sọ.

Inú ilẹ̀ ni hóró koríko ń sùn sí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kéré kì í jí àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n. Wọ́n lè wà nínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ẹni tí ó fi ọkọ́ tú gbogbo àgbàlá rẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí ó rò pé òun ń lé koríko, ńṣe ni ó ń jí wọn lójú oorun.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ èyí. Wọ́n ń gbin ẹ̀gúsí sáàárín iṣu àti àgbàdo. Ìtàkùn rẹ̀ a ràn, ewé rẹ̀ a bo ilẹ̀, koríko kò sì ní rí oòrùn. Iṣẹ́ kan náà ni koríko tí a gbìn síwájú ilé lè ṣe, bí a kò bá fá a kodoro bí orí ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀. Ẹ fi ìwọ̀n íńṣì 2 sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ibi tí ó bá pá, ẹ bù lára rẹ̀ gbìn síbẹ̀ ní kété tí òjò bá fìdí múlẹ̀. Ní ìdí òdòdó, ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tí ó nípọn tó íńṣì 3. Ẹ ṣọ́ra fún ìgbẹ́ ewúrẹ́ tútù o! Hóró tí ewúrẹ́ jẹ lè gba inú rẹ̀ jáde láàyè. Èyí tí ó bá ṣì yọ, ẹ fà á tu kí ó tó tanná.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ọ̀mọ̀wé, oògùn apakoríko ńkọ́?” Ọ̀kan nínú wọn, paraquat, bíńtín rẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kò sì ní ẹ̀rọ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024 ni òfin NAFDAC ti dè é pátápátá ní Nàìjíríà. Síbẹ̀, mo mọ ilé tí wọ́n rọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tí wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó. Bí irú rẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ má ṣe dà á sí gọ́tà tàbí ẹ̀bá kànga. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí lálẹ́ òní, kí ẹ sì lọ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba ní ọ̀la ibi tí ẹ ó gbé e fún.