Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tí Ó Wà Nínú Òkè?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé Ẹgbẹ́ ní Yábà



Ilẹ̀ iyanrìn àti ẹrẹ̀ ni a tẹ̀dó sí ní Yábà, Surulérè àti Mùṣín. Kò sí òkè lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, akọ òkúta tí a fọ́ wẹ́wẹ́ láti fi kọ́ ilé wa, láti ìlú olókè ni ó ti ń wá. Ọ̀rọ̀ òkè kan àwa náà. Ohun kan ni mo sì fẹ́ kí ó yé wa: ìmọ̀ òkè kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àjòjì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ ni ayé ń dá mọ̀.

Ìwé ìtàn a máa sọ pé ní 1902 ni Niger Company rán George Nicolaus lọ wá tánganran ní ilẹ̀ Bauchi, àti pé lẹ́yìn rẹ̀ ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Laws dé Naraguta, lẹ́bàá ibi tí ìlú Jos wà lónìí. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni ó mú wọn gbéra? Ní Liruwei, àwọn alágbẹ̀dẹ Haúsá ti ń fọ iyanrìn odò, wọ́n ń yọ́ tánganran inú rẹ̀ nínú iléru amọ̀, wọ́n sì ń dà á ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi koríko. Ọ̀pá wọ̀nyí ni òyìnbó rí lọ́jà kí ó tó béèrè orísun wọn. Láìpẹ́, iná iléru Liruwei kú. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ òkèèrè ni ọrọ̀ ilẹ̀ náà bọ́ sí.

Èmi kò fi èyí kẹ́gàn ìmọ̀ òyìnbó. Láti 1904 títí di 1909, John Downie Falconer, ọmọ Scotland, ṣe ìwádìí òkúta Ìhà Àríwá. Ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1911. Ó fi hàn pé akọ òkúta Òkè Jos kéré lọ́jọ́ orí sí òkúta tí ó yí i ká. Inú akọ òkúta náà ni tánganran wà. Òjò ń bó òkè, odò sì ń gbé e lọ sí àfonífojì. Falconer ni ó di olórí Geological Survey tí a dá sílẹ̀ ní 1919. Ọ̀wọ̀ tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní: àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ta ni àwọn afọ̀nàhàn rẹ̀? Ta ni àwọn aláàárù tí ó ru àpótí òkúta rẹ̀?

Bákan náà ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní 1904, C. V. Bellamy ròyìn iléru irin kan ní àgbègbè Ọ̀yọ́ fún àwọn ará London. Ìdàrọ́ irin tí àwọn baba wa dà nù ṣì ń jẹ́rìí fún wọn. Ẹni tí kò mọ òkúta irin yàtọ̀ sí òkúta lásán kò lè yọ́ irin. Onímọ̀ òkúta ni wọ́n. Wọn kò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ẹ wá wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ wa di kálàmù mú. Mosobalaje Oyawoye, ọmọ Ọ̀fà, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn, yẹ òkúta dúdú aláwọ̀ ewé kan wò ní Bauchi. Ó sọ ọ́ ní *bauchite*. Láti ìgbà náà, níbikíbi tí a bá ti dárúkọ òkúta yìí, orúkọ ìlú Áfíríkà ni ayé ń pè.

Ẹ̀yin Olóyè, àwọn àgbẹ̀dẹ àti ọdẹ ti ń tán nílùú. Ẹ pè wọ́n jọ. Ẹ bi wọ́n ní orúkọ òkè, orúkọ òkúta, àti ibi tí àwọn baba wọn ti ń wa irin. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Yunifásítì Èkó wà ní Akọka nítòsí wa. Ẹ kó o fún àwọn ọ̀dọ́ tí ń kẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ níbẹ̀. Bí àgbà bá kú pẹ̀lú orúkọ òkúta lẹ́nu, àjòjì ni yóò tún un sọ.