Ọkọ̀ pickup tó ń gbọ̀n bó bá ń ya kọ́nà: Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó páàtì

Ẹ̀yin awakọ̀ Hilux, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ pickup kó iṣu, àlùbọ́sà tàbí símẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yín ni èyí.

Ọkọ̀ ń lọ geere lójú ọ̀nà tó tọ́. Kò dún, kò sì fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Amọ́ bí awakọ̀ bá ti fẹ́ yíwọ́ wọ ilé epo, ọkọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú. Bó bá ti tọ́ orí ọkọ̀ padà, ó tán.

Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni pé wọ́n á gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ̀gá á mi táyà iwájú lẹ́ẹ̀mejì, á ní bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ló kú. Wọ́n á ra tuntun, ọkọ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Ó di shock absorber. Ó tún di sítíárìn. Owó á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó yẹ kó ṣáájú: ìgbà wo gan-an ló ń gbọ̀n, irú ilẹ̀ wo ló sì wà nígbà náà?

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì torí pé lára ohun tó lè fa ìgbọ̀n yìí, ọ̀kan wà tí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, òmíràn sì wà tó lè gba ẹ̀mí. Lójú ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀, méjèèjì lè jọra.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ bá ń yà ni?

Bí ọkọ̀ bá ń ya kọ́nà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í rin ìrìn kan náà.

Ẹ rántí bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe máa ń tò lórí pápá lọ́jọ́ òmìnira. Bí ìlà wọn bá fẹ́ yà sápá òsì, ẹni tó wà ní ìkángun òsì á máa tẹ ojú kan, ẹni tó wà ní ìkángun ọ̀tún á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré kí ìlà má baà wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni táyà tó wà níta kọ́nà ṣe ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Bákan náà ni táyà iwájú ń gba ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ.

Ohunkóhun tí kò bá jẹ́ kí táyà rìn bó ṣe wù ú ní àkókò yìí máa mú kí ọkọ̀ gbọ̀n.

Lára ọ̀pọ̀ pickup àtijọ́ bíi Datsun àti Peugeot 504, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Awakọ̀ wọn kò ní gíá kékeré tó lè gbàgbé. Amọ́ Hilux, tí Toyota ti ń ṣe láti ọdún 1968, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba, ọlọ́pàá àtàwọn àjọ aṣèrànwọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ló ní ohun tí gbogbo èèyàn ń pè ní four-wheel.

Nínú wọn, ẹ máa rí ọwọ́ gíá kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ńlá, tàbí bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń yí nínú àwọn tuntun. H2, H4 àti L4 ló máa wà lára rẹ̀. Ní H2, táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ní H4, wọ́n ti so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, eré kan náà sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa sá. L4 jọ ọ́, amọ́ ti ibi tó le gan-an ni, ọkọ̀ á sì máa wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Táyà iwájú fẹ́ rìn jìnnà ju ti ẹ̀yìn lọ, H4 kò gbà. Lórí yanrìn tàbí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ara á sì tu gbogbo wọn. Amọ́ lórí títì ọ̀dà tó gbẹ, táyà ti di ilẹ̀ mú gírígírí, agbára náà kò rí ibi gbà jáde. Á máa lọ́ àwọn ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, títí táyà kan á fi fò. Fífò yẹn, lẹ́ẹ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ni awakọ̀ ń gbọ́ bí ìgbọ̀n. Sítíárìn á wúwo, táyà á máa pariwo, ọwọ́ gíá kékeré náà sì lè há.

Awakọ̀ tó ti inú yanrìn Agadez ní orílẹ̀èdè Niger tàbí ìgbèríko Borno jáde sórí títì lè gbàgbé gíá náà síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kó iṣu kúrò nínú ẹrẹ̀ Benue lóṣù Kẹjọ. Nígbà míì, ọmọ tó fọ ọkọ̀ ló fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ẹni tó ni ọkọ̀ kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ kejì.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò gba mẹkáníìkì. Ẹ dúró, ẹ dá gíá náà padà sí H2. Bí iná four-wheel inú dáṣíbọọ̀dù kò bá kú, ẹ fi rífáàsì padà sẹ́yìn gbọọrọ fún mítà díẹ̀, ohun tó há á tú. Ìwé àlàyé Toyota fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí wọ́n má lo H4 lórí títì tó gbẹ tó sì le. Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ni òfin yìí dè o: Mitsubishi L200 tó ní Super Select lè lo 4H rẹ̀ lórí ọ̀dà, torí pé gíá kan wà láàárín tó ń fún iwájú àti ẹ̀yìn láàyè.

Ẹni tó bá sì ń ra táyà tòkunbọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Bí táyà iwájú bá ga ju ti ẹ̀yìn lọ, H4 á máa lọ́ ọ̀pá abẹ́ ọkọ̀ kódà lójú ọ̀nà tó tọ́. Fọkanáísà tó mọṣẹ́ á fi téèpù wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ epo kẹ́yìn?

Bí gíá bá wà ní H2 tí ọkọ̀ ṣì ń gbọ̀n láti ẹ̀yìn, pàápàá tó bá ń yíwọ́ jẹ́jẹ́ lójú kan, ẹ béèrè ọ̀rọ̀ epo.

Inú ilé gíá ẹ̀yìn, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní díífù, ni àwọn gíá tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti ti òsì sá eré tó yàtọ̀ síra wà. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, wọ́n to àwọn àwo irin pẹlẹbẹ kún un, kí táyà kan má baà máa yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró. Limited slip ni orúkọ irú díífù bẹ́ẹ̀, LSD ni wọ́n sì máa ń kọ fún ìkékúrú.

Àwọn àwo irin yìí gbọ́dọ̀ máa yọ̀ lára wọn bí ọkọ̀ bá ń yà. Epo LSD ní èròjà kan nínú tó ń mú wọn yọ̀ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n bá da epo díífù lásán sí i, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, wọ́n á já, wọ́n á tún lẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á sì máa dún bí ẹni ń wọ́ àpótí lórí símẹ́ǹtì.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń lọ dáadáa fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ṣe sáfíìsì fún un tán, tí ìjà á sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín oníbàárà àti mẹkáníìkì. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń gba Cotonou tàbí èbúté Èkó wọlé kì í bá ìwé àlàyé wọn dé. Bí ó bá tilẹ̀ dé, èdè Jámánì tàbí Dutch lè ló wà nínú rẹ̀. Ta ló máa mọ̀ pé díífù náà ń fẹ́ epo ọ̀tọ̀?

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí táyà iwájú, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì fi stand tì í lábẹ́ dáadáa. Ẹ má fi jáàkì nìkan ṣe é láéláé. Ẹ fi gíá sí neutral, ẹ tú handbrake, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn kan síwájú. Bí èkejì bá yí sẹ́yìn, díífù lásán ni. Bí àwọn méjèèjì bá jọ yí síwájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ LSD.

Bó bá jẹ́ LSD, kí wọ́n fa epo inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n sì da èyí tí wọ́n kọ LSD tàbí limited slip sára ike rẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ wá pápá tó ṣófo, kí ẹ máa wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọ òǹkà 8 sílẹ̀, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ní ìgbà bíi mélòó kan, kí epo tuntun lè wọ àárín àwọn àwo náà. Bí kò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn ìyẹn, ó lè jẹ́ pé àwọn àwo náà ti jẹ tán.

Pápá yẹn kan náà wúlò fún àyẹ̀wò míì. Ẹ ya kọ́nà jẹ́jẹ́ pẹ̀lú gíá 1 tàbí 2, kí ẹ wá tẹ kílọ́ọ̀ṣì kí ọkọ̀ máa fúnra rẹ̀ yí lọ. Bí ìgbọ̀n bá dáwọ́ dúró bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́, àwọn ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò: oríkèé propeller, tàbí orí shaft iwájú bó bá wà nínú four-wheel. Orí shaft tó ti ń kú sábà máa ń dún ka-ka-ka, rọ́bà rẹ̀ á ti ya, gíríìsì á sì ti ta sára rímù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ tẹ bírékì nìkan ló ń gbọ̀n, ẹ yẹ bírékì wò. Bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ dúró, tí sítíárìn ń kérora tó sì ń gbọ̀n bí ẹ ṣe yí i dé òpin, ẹ wo epo sítíárìn bóyá ó ti lọ sílẹ̀.

Èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi falẹ̀

Bí iwájú bá ń dún kúkúkú, tí sítíárìn kò dúró sójú kan, tí táyà sì ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti epo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tàbí tie rod.

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ ló so táyà iwájú mọ́ apá irin tó gbé ọkọ̀ dúró. Bó bá já, táyà á wó sábẹ́ ọkọ̀, awakọ̀ kò sì ní lè darí rẹ̀ mọ́. Lọ́dún 2005, Toyota pe ọ̀pọ̀ Tacoma, Tundra, 4Runner àti Sequoia padà ní Amẹ́ríkà nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì iwájú tó lè tètè jẹ. Irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí wà lára tòkunbọ̀ tó ń rìn lójú títì Nàìjíríà títí di òní.

Mímì tí ọ̀gá mẹkáníìkì mi táyà lẹ́ẹ̀mejì kò tó láti dá ẹjọ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Kí wọ́n gbé iwájú sókè, kí ẹnìkan fi ọ̀pá irin gbé táyà láti ìsàlẹ̀, kí ẹlòmíì tan tọ́ọ̀ṣì sí oríkèé náà. Bí oríkèé náà bá ń lọ tó ń bọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, kí ọkọ̀ má tún rìn kọjá ọgbà náà.

Yálà Ladipo ni ẹ ti fẹ́ ra á, tàbí Nnewi, tàbí Suame Magazine ní Kumasi, ẹ má ra bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ míì. Ẹ̀yà tó ti gbé ọkọ̀ ẹlòmíì fún ọdún mẹ́wàá kì í fi ojú hàn pé ó ti rẹ òun.

Kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì, ẹ kọ èsì yín sórí ìwé: apá òsì ni tàbí ọ̀tún, ọkọ̀ ru ẹrù tàbí kò ru, H2 ni tàbí H4, ilẹ̀ gbẹ tàbí ó tutù, ṣé ó dáwọ́ dúró bí ẹ ṣe tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ kẹ́yìn kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kà á sí ọ̀gá létí kó tó mú jáàkì.